Ilé Ò Ṣeé Sè Jẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìgbádùn Òní àti Owó Ìfẹ̀yìntì

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè jayé òní kí ìyà má sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń retí. Kí n dúró síbí, kí n bá yín wí nítorí aṣọ ẹbí, kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ sì lọ ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyẹn lónìí. Ohun tí mo bá wá sí Ìkòròdú, tí mo sì fẹ́ kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó wà láàárín wa gbé délé, ni pé fàájì kọ́ ló ń jẹ owó ogbó wa jù. Ilé ni. Ilé tí a kò tíì kọ́ parí.

Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ gbà débí. Láti Owútù dé Ìgbógbó, láti Ọdọ́gunyàn dé Ìmọ́tà, mélòó ni ilé tó dúró sí lẹ́ńtà tí ẹ kà? Ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń gbé yàrá kan ní Mushin tàbí Kétu, lándílọ́ọ̀dù ń fi owó ilé lé e kiri, ó sì gbọ́ pé ilẹ̀ Ìkòròdú kò wọ́n tó ti ìgboro. Ó ra ilẹ̀. Ó san owó sọ́fè. Ó san owó ìpìlẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì ti ń béèrè owó òrùlé nígbà tí kò tíì sí ògiri. Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tó de irú owó àfipágbà bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ẹ mọ bí òfin náà ṣe ń ṣe lójú ilẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó oṣù di búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún, owó ọdún Kérésì di irin. Ọmọ wọ yunifásítì, iṣẹ́ dúró. Ọmọ jáde, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ òjò ti jẹ búlọ́ọ̀kù òkè, igbó ti hù nínú pálọ̀, bíríkìlà tó ṣe ìpìlẹ̀ sì ti kó lọ sí Ṣàgámù. Ọdún méjìlá kọjá bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ogún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rí kí ó fi sinmi lóòótọ́, nítorí owó ìsinmi ti di sìmẹ́ǹtì. Kò mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbì kankan. Bí ọ̀rẹ́ bá pè é pé kó wá jẹun, á ní kó má bínú, òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá bi í, á sọ fún yín pé òun ń tọ́jú owó ogbó ni. Ẹ wá bi í pé èló ló wà ní báńkì.

Lọ́jọ́ tó kó wọlé, kò sí fèrèsé ní yàrá méjì, wọn kò tíì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn. A yọ̀ fún un, torí ó dára kéèyàn bọ́ lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà. Ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú ní 2015, ọkọ̀ ojú omi sì wà ní Ìpakòdò fún ẹni tí àyà rẹ̀ bá gbà á, síbẹ̀ aago mẹ́rin ìdájí ni onílé wa ń jí. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù kì í rí i sójú láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì. Ẹni ọdún 50 nìyí. Kò jẹ òní, kò sì tọ́jú ọ̀la.

Kí ló mú ilé náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Mo ti fi ìbéèrè yìí lọ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdáhùn tí wọ́n ń fún mi ni pé owó kò sí. Ìdáhùn tèmi ni pé ilé náà ti tóbi jù. Yàrá mẹ́fà, pálọ̀ méjì, bọ́ìsì kúọ́tà, àti òpó márùn-ún níwájú tí kò gbé nǹkan kan dúró àfi iyì. Ọmọ mẹ́rin ló kọ́ yàrá fún, nígbà tí òrùlé yóò fi dé orí ilé, ọ̀kan ti wà ní Manchester, ọ̀kan ti wà ní Calgary, méjì tó kù ń wá físà. Tọkọtaya àgbàlagbà wá ń gbá yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀ lẹ́nu yín. “Olùkọ́, ilé ni pẹ́ńṣọ̀n mi, n ó máa gba owó ilé.” Mi ò sọ pé owó ilé kì í wọlé. Àwọn kan wà níbí tí owó yàrá mẹ́ta ń bọ́, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tó ń jáde pẹ̀lú ohun tó ń wọlé. Tiransifọ́mà àdúgbò jó, lándílọ́ọ̀dù ni yóò dá owó. Ṣọkawé kún, lándílọ́ọ̀dù ni. Ayálégbé kan jẹ owó ọdún kan, ó tún gba lọ́yà, ẹni ọdún 68 wá ń lọ ń bọ̀ ní kóòtù. Èyí tó sì burú jù ni pé ilé kò ṣeé já díẹ̀díẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ẹ kò lè yọ fèrèsé kan tà láti rà á. Tí ẹ bá fẹ́ tà á, odindi ni, ẹni tó sì ń rà á yóò mọ̀ pé ara ń kán yín.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún 2023, ilẹ̀ agbègbè náà ti di ohun tí wọ́n ń polówó lórí rédíò àti lórí Facebook. Ìdílé tó jogún oko ń tà á. Owó ń wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó pọ̀ ju èyí tí bàbá wọn rí ní gbogbo ayé rẹ̀ lọ, ó di jíìpù, ó di ayẹyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà tó ń rà á ńkọ́? Ó ń san án díẹ̀díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀, oṣù mẹ́rìnlélógún, fún ilẹ̀ tí kò tíì fojú rí, ó sì ń febi panú nítorí rẹ̀. Ẹni tó tà á jẹ ọ̀la lónìí, ẹni tó rà á sin òní sínú igbó. Mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ bá kẹ́dùn.

Ká wá bọ́ sórí owó ìfẹ̀yìntì. Kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó gbà á láyé àtijọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọdún Káyó-káyọ̀ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí dòní, ìrántí ìgúnlẹ̀ yẹn ni. Ní 1862 Gẹ̀ẹ́sì gbà kó padà wálé. Wọn ò dá adé padà fún un o. Wọ́n fi í joyè Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ, wọ́n sì ń fún un ní £400 lọ́dún. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣèlérí àpò owó ẹyọ 1,200 fún un lọ́dọọdún. Ọba méjì ń gbowó ìfẹ̀yìntì, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ni okùn àpò méjèèjì wà.

Ohun tí òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2004 gbìyànjú láti yí padà fún òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ṣáájú rẹ̀, ìjọba ló ń ṣèlérí pẹ́ńṣọ̀n, gbogbo wa sì rántí àwọn àgbàlagbà tó ń tò lórí ìlà nínú oòrùn kí wọ́n lè jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè. Òfin tuntun ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ lára àpò, nọ́ńbà PIN tirẹ̀. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007, LASPEC, àjọ pẹ́ńṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà, sì ń bójú tó o. Ní 2014 wọ́n tún òfin àpapọ̀ ṣe: ìdá 8 nínú 100 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, láti inú owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦100,000, ₦8,000 kúrò lọ́wọ́ yín, ọ̀gá iṣẹ́ fi ₦10,000 sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ta ló tún wà ní Ìkòròdú tí yóò fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nítorí pé ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pamọ́? Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, dandan ni fún un. Síbẹ̀ mo pàdé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọdọ́gunyàn tí wọn kò mọ PIN wọn, àmọ́ tí wọ́n lè sọ iye tí àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ láàárọ̀ òní.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé bí àwọn bá kú kó tó di ọdún 60 ńkọ́, ṣé kì í ṣe òfo ni? Kì í ṣe òfo. Owó inú àpò náà di ti àwọn tí ẹ fi sílẹ̀. Òfin kan náà sì ní kí agbanisíṣẹ́ gba ìwé adójútòfò fún ẹ̀mí òṣìṣẹ́, iye tó tó owó ọdún mẹ́ta rẹ̀. Ìyàwó òṣìṣẹ́ tó kú tó mọ èyí kò pọ̀. Ẹ sọ fún wọn nílé lálẹ́ òní, kó má di ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àlejò nílé òkú.

Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Èèyàn rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kó lé òun lọ́wọ́. Rárá. Ẹ lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tó kù gbọ́dọ̀ tó láti máa fún yín ní owó lóṣooṣù. Ẹni tó ti ṣèlérí fún bíríkìlà pé lọ́jọ́ tí owó bá dé ni àwọn máa da dẹ́kìn, inú á bí i. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó ṣe òfin náà. Lójú tèmi, apá yẹn gan-an ni òfin náà gbọ́n jù, nítorí pé ó mọ̀ wá. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ fún wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi owó náà wá ilé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, láti 2022 ni PenCom, àjọ pẹ́ńṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, ti gbà kí ó lè mú ìdá 25 nínú 100 àpò rẹ̀ fi ṣe owó ìṣáájú fún ilé tó fẹ́ fi mọ́gèèjì rà.

Ẹ̀yin ìyá ọjà ti ń wò mí pé kí ló kàn yín nínú èyí. Ẹni tó ń ta ẹja ní Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò ní ọ̀gá tó máa san ìdá 10. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìfowópamọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti kọ èésú, ìyẹn owó dídájọ, sínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e kọjá òkun, débi pé wọ́n ṣì ń dá susu ní Trinidad. Gbogbo wa la sì mọ Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Taiwo Olunaike lórúkọ rẹ̀, tí wọ́n ní kì í kọ nǹkan sílẹ̀ tí kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Òun ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ní orí ẹ pé bíi ti ẹni tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ló lè wọ inú kọ́ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ wà. Mélòó nínú wa ló lè ta mọ́tò lójú àdúgbò? Ó lé ní ẹni ọdún 95 kó tó dágbére fáyé ní 2012. Ká ní ọdún 60 ló fẹ̀yìntì ni, ọdún tó lé ní 35 ni ì bá fi jẹ ohun tó fi pamọ́.

Àléébù àjọ ni pé owó tó jókòó ń rù. Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn oníṣirò ìjọba ní ọjà fi ìdá 34.8 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó fi mílíọ̀nù kan sínú àpótí ní Disẹ́ńbà 2023, ohun tó lè rà lẹ́yìn ọdún kan kò ju ohun tí nǹkan bí ₦742,000 rà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń ra góòlù, tí ìyá aláṣọ fi ń kó ọjà sí yàrá. Wọ́n gbọ́n. Kí wọ́n kàn fi ọ̀nà mìíràn kún un. Láti oṣù Kẹta 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta ìwé ìfowópamọ́ tí ₦5,000 lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní oṣù Kẹta 2019, Ààrẹ Buhari ṣí ètò pẹ́ńṣọ̀n fún àwọn tí kò ní ọ̀gá: télọ̀, onímàrúwá, ẹlẹ́ja. Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ẹ bá dá, ìdá 40 jẹ́ èyí tí ẹ lè mú bí wàhálà bá dé, ìdá 60 á dúró de ọjọ́ ogbó. Mo fẹ́ràn ìpín yẹn, torí ó gbà pé ẹni tó ń ṣòwò kò lè ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà pẹ̀lú, èyí tí àwọn tíṣà mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ ni owó tó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ètò gbájú-ẹ̀ MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ní Disẹ́ńbà 2016, CBEX ṣe tirẹ̀ ní Épírì 2025, àwọn kan sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó jóná nínú méjèèjì.

Ọmọ ńkọ́? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń wí yìí ń san owó ilé ní London, ó ń san gbèsè tó fi rìnrìn àjò, ó sì ní ọmọ tirẹ̀ tó ń tọ́. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ tirẹ̀ lè gba ti ọmọ pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tí kò ní rárá, yóò máa fi fóònù bẹ ọmọ bí ẹni ń bẹ lándílọ́ọ̀dù.

Ẹ wá jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ìgbádùn, torí pé tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí. Àwọn ohun kan wà tí kò ṣeé fi pamọ́. Eyín tí ẹ fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún Ẹ̀pẹ́ lónìí, ẹ kò mọ̀ bóyá yóò wà ní ọdún 70. Orúnkún tó lè gun ọkọ̀ ojú omi lọ wo ọ̀rẹ́ ní Ẹ̀jìnrìn, kò sí báńkì tó ń gbà á pamọ́. Ẹ lọ sí Káyó-káyọ̀. Ẹ mú ìyàwó yín jáde nígbà tí ẹ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín. Owó irú fàájì bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ sórí owó oṣù bí ẹ ṣe ń ṣírò gààrí, kí ẹ má sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìnáwó tí n kò lè gbè sẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí a ń ṣe fún ojú ẹlòmíràn, tí ẹni tó ń náwó kì í ráyè jókòó jẹun níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn kan wọ ìwọ̀fà nítorí owó òkú. Lónìí, láti orí fóònù ni wọ́n ti ń yá a.

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ ẹni kan. Ó jókòó síbí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 52 ni. Ilé rẹ̀ wà ní lẹ́ńtà, yàrá mẹ́fà, ó ku ọdún mẹ́jọ kó fẹ̀yìntì. Bọ̀ọ̀dá, ẹ pe káfíńtà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kó kan páànù sórí yàrá méjì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Ẹ kó wọbẹ̀. Owó ilé tí ẹ ń san ní Kétu, ẹ pín in sí mẹ́ta: ọ̀kan lọ sí alájẹṣẹ́kù, ọ̀kan sí ìwé ìfowópamọ́ ìjọba, ọ̀kan fún ẹ̀yin àti ìyàwó yín láti fi jáde. Yàrá mẹ́rin tó kù, ẹ gbin ewédú síbẹ̀ ná. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín bá béèrè ìgbà tí ẹ máa ṣílé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ń gbé inú rẹ̀.

Alága ti ń wo aago. Mo rí ìyá kan lápá òsì tó ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ góòlù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn.